Usain Bolt: Ọba Eré Sísá tó Di Ọmọ Ẹ̀kọ́ṣẹ́ Bọ́ọ̀lù

Ní yàrá tí a ti máa ń wo bọ́ọ̀lù ní ilé-ibùgbé akẹ́kọ̀ọ́ wa, orúkọ kan wà tí kì í wọ́n lẹ́nu wa. Bí agbábọ́ọ̀lù kan bá ti gba ẹ̀gbẹ́ pápá sáré kọjá ẹni tó ń ṣọ́ ọ, ẹnì kan á pariwo láti ẹ̀yìn pé, "Bolt!" Ibẹ̀ ni àríyànjiyàn á ti bẹ̀rẹ̀. Ẹnì kan á ní ká ní bọ́ọ̀lù ni Usain Bolt ń gbá ni, ta ni ì bá lé e bá? Ẹlòmíràn á dáhùn pé eré sísá ọ̀tọ̀, bọ́ọ̀lù ọ̀tọ̀. A máa ń jiyàn náà bí ẹni pé àlá lásán ni. Ohun tí ọ̀pọ̀ nínú wa ti gbàgbé ni pé ọ̀rọ̀ ọ̀hún ti ṣẹlẹ̀ rí. Ní ọdún 2018, Bolt kó ẹrù rẹ̀, ó gba orílẹ̀-èdè Ọsirélíà lọ, ó ní òun fẹ́ di ẹni tó ń fi bọ́ọ̀lù jẹun.

Ìtàn bó ṣe lọ àti bó ṣe parí ni a fẹ́ sọ fún ẹ̀yin òǹkàwé wa lónìí. Ìbéèrè kan sì wà nídìí rẹ̀ tí kò jẹ́ ká sùn: kí ló dé tí ẹni tó yára jù lọ láyé kò fi rí àyè nínú ẹgbẹ́ tó gbé ipò ìkẹyìn?

Kó tó wọ bàtà bọ́ọ̀lù

Ọjọ́ 21 oṣù Kẹjọ ọdún 1986 ni wọ́n bí Usain Bolt ní abúlé Sherwood Content, ní àgbègbè Trelawny, lórílẹ̀-èdè Jàmáíkà. Àwọn òbí rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù kékeré kan tí wọ́n ti ń tajà ní abúlé náà. Nígbà tó wà lọ́mọdé, eré sísá kọ́ ló gbà á lọ́kàn. Kíríkẹ́ẹ̀tì àti bọ́ọ̀lù ló máa ń gbá ní ìgboro. Ní ilé ẹ̀kọ́ girama, ẹni tó ń kọ́ wọn ní kíríkẹ́ẹ̀tì ló rí bí ọmọ náà ṣe ń fò lórí ilẹ̀, tó sì ní kó lọ gbìyànjú eré sísá wò. Ẹ jẹ́ ká fi èyí sọ́kàn. Bolt ti kúrò nídìí eré kan bọ́ sí òmíràn rí, ó sì yọrí sí rere. Àmọ́ ọmọdé ni nígbà náà, ọdún tó máa fi kọ́ṣẹ́ ṣì pọ̀ níwájú rẹ̀.

Ìyókù ti di ìtàn tí gbogbo ayé mọ̀. Ọmọ ọdún 15 ni nígbà tó gba ipò kìíní nínú eré 200 mítà ní ìdíje àgbáyé àwọn ọ̀dọ́ ní Kingston lọ́dún 2002. Ní Beijing lọ́dún 2008, ó bẹ̀rẹ̀ sí í lu àyà kó tó dé òpin eré 100 mítà. Ní Berlin lọ́dún 2009, ó sá 100 mítà ní ìṣẹ́jú àáyá 9.58, ó sì sá 200 mítà ní ìṣẹ́jú àáyá 19.19. Títí di àsìkò tí à ń kọ èyí, kò sí ẹni tó tíì fọ́ èyíkéyìí nínú méjèèjì. Àmì-ẹ̀yẹ wúrà Òlíńpíìkì 9 ló gbà títí ó fi kúrò ní Rio lọ́dún 2016. Ọ̀kan bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́dún 2017 nítorí pé ọ̀kan nínú àwọn tí wọ́n jọ sá eré ẹlẹ́ni mẹ́rin ní Beijing lo oògùn tí òfin kà léèwọ̀. Ó wá ku 8.

Ìdíje àgbáyé tó wáyé ní Lọ́ńdọ̀nù ní oṣù Kẹjọ ọdún 2017 ló fi dágbére fún eré sísá. Ipò kẹta ló gbé nínú eré 100 mítà. Nínú eré ẹlẹ́ni mẹ́rin, iṣan itan rẹ̀ fà, ó ṣubú sórí ilẹ̀, kò sì lè sá eré náà parí. Ẹni ọdún 30 ni, owó wà lọ́wọ́ rẹ̀, kò sí ohun tó kù tó fẹ́ fi hàn ẹnikẹ́ni. Ẹlòmíràn ì bá lọ sinmi.

Ó ń kan ilẹ̀kùn kiri

Gbogbo ẹni tó mọ Bolt ló mọ̀ pé olólùfẹ́ Manchester United ni, ó sì ti sọ ọ́ láìmọye ìgbà pé òun máa fẹ́ gbá bọ́ọ̀lù gidi lọ́jọ́ kan. Àwọn èèyàn rò pé àwàdà ni. Ní oṣù Kìíní ọdún 2018, ó bá ẹgbẹ́ Mamelodi Sundowns ṣe ìgbáradì ní Gúúsù Áfíríkà. Ní oṣù Kẹta, ó lọ sọ́dọ̀ Borussia Dortmund ní Jámánì. Ilé-iṣẹ́ Puma ni onígbọ̀wọ́ Bolt, Puma yìí kan náà ló ń ṣe aṣọ fún Dortmund, nítorí náà kò ṣòro láti mọ ẹni tó bá a kan ilẹ̀kùn náà.

Nígbà tó di oṣù Kẹfà, ó wà ní orílẹ̀-èdè Nọ́wè pẹ̀lú ẹgbẹ́ Strømsgodset. Wọ́n gbà á láyè kó gbá bọ́ọ̀lù fún bí ìṣẹ́jú 20 nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ ọlọ́rẹ̀ẹ́sọ́rẹ̀ẹ́ pẹ̀lú àwọn ọ̀dọ́ Nọ́wè tí ọjọ́ orí wọn kò ju 19 lọ. Nọ́ńbà tó wà lẹ́yìn aṣọ rẹ̀ ni 9.58. Ẹ wo nọ́ńbà yẹn dáadáa. Agbábọ́ọ̀lù ibo ló ń wọ 9.58? Àwọn tó fi aṣọ náà wọ̀ ọ́ kò tíì rí agbábọ́ọ̀lù kankan nínú rẹ̀, eré tó sá ní Berlin ni wọ́n ń rí. Lọ́jọ́ díẹ̀ lẹ́yìn náà, ní ọjọ́ 10 oṣù Kẹfà, ó ṣe balógun ikọ̀ kan nínú bọ́ọ̀lù àánú tí wọ́n gbá ní Old Trafford. Ó tẹ pápá tó ti ń lálàá rẹ̀, àmọ́ ariyá ni, iṣẹ́ kọ́.

Ìlú Gosford

Ilẹ̀kùn tó ṣí gan-an jìnnà sí Old Trafford. Gosford jẹ́ ìlú kan létí omi ní àríwá Sydney ní Ọsirélíà. Ẹgbẹ́ tó wà níbẹ̀ ń jẹ́ Central Coast Mariners. Ẹ̀gbẹ́ kan pápá wọn kò ní ìjókòó òǹwòran, igi tó jọ ọ̀pẹ ni wọ́n gbìn síbẹ̀, èèyàn sì lè máa wo omi láti inú pápá. Mariners ti gba ife líìgì Ọsirélíà lọ́dún 2013, àmọ́ nígbà tí sáà 2017 sí 2018 parí, àwọn ló wà nísàlẹ̀ tábìlì.

Ọjọ́ 21 oṣù Kẹjọ ọdún 2018, ọjọ́ tí Bolt pé ẹni ọdún 32, ló bẹ̀rẹ̀ ìgbáradì pẹ̀lú wọn lábẹ́ akọ́nimọ̀ọ́gbá Mike Mulvey. Wọn kò ṣèlérí ìwé àdéhùn fún un. Wọ́n ní kó wá, kó máa bá àwọn kọ́ṣẹ́, kí gbogbo wọn jọ wo ibi tí yóò já sí. Àwọn oníròyìn wọ́ tẹ̀ lé e láti gbogbo ayé. Ní ọjọ́ 31 oṣù náà, ìyẹn ọjọ́ 10 péré lẹ́yìn tó dé, Mariners bá ikọ̀ àwọn agbábọ́ọ̀lù àdúgbò tí kì í gbowó oṣù gbá. Nǹkan bí 10,000 èèyàn ló wá wò ó. Nígbà tí ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ náà ku bí ìṣẹ́jú 20, Bolt wọlé pẹ̀lú nọ́ńbà 95 lẹ́yìn rẹ̀. Pápá mì tìtì. Ó gbìyànjú, àmọ́ kò pẹ́ tó fi ń mí gúlegúle. Òun fúnra rẹ̀ gbà lẹ́yìn eré náà pé ara òun kò tíì yá tó.

Ọjọ́ tí gbogbo ayé pariwo

Ọjọ́ tí wọn kò ní gbàgbé ni ọjọ́ 12 oṣù Kẹwàá, ní Campbelltown. Mariners bá Macarthur South West United gbá, ikọ̀ kan tí wọ́n kó jọ nígbà tí wọ́n ṣì ń wá àyè láti wọ líìgì. Lọ́jọ́ náà, Bolt wà lára àwọn tó bẹ̀rẹ̀ eré. Ní abala kejì, ó gba bọ́ọ̀lù kan, ó fi ejìká ti ẹni tó ń ṣọ́ ọ sẹ́yìn, ó sì fi ẹsẹ̀ òsì gbá a sáwọ̀n. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà, àṣìṣe ṣẹlẹ̀ láàárín àwọn tó ń ṣọ́lé, bọ́ọ̀lù bọ́ sílẹ̀ níwájú rẹ̀, ó tún tì í sáwọ̀n. Ó na ọwọ́ sókè ọ̀run bí ẹni tó fẹ́ ta ọfà, gẹ́gẹ́ bó ṣe máa ń ṣe ní Òlíńpíìkì. Mariners borí pẹ̀lú àmì ayò 4 sí òdo.

Fídíò ayò méjèèjì káàkiri ayé lóru ọjọ́ náà. Valletta, ẹgbẹ́ kan ní orílẹ̀-èdè Malta, fi ìwé àdéhùn ọdún méjì lọ̀ ọ́. Ó kọ̀ ọ́. Àmọ́ ẹni tó bá fara balẹ̀ á rí i pé ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ ọlọ́rẹ̀ẹ́sọ́rẹ̀ẹ́ ni, ikọ̀ tí wọ́n sì bá gbá kì í ṣe ikọ̀ líìgì. Andy Keogh, atamátàsé ẹgbẹ́ Perth Glory nígbà náà, kò fi ọ̀rọ̀ bọpo bọyọ̀. Ó ní bí bọ́ọ̀lù bá kan ẹsẹ̀ Bolt, ṣe ló ń ta padà. Ó tún ní àbùkù ni ọ̀rọ̀ náà jẹ́ fún àwọn tó ti fi gbogbo ayé wọn kọ́ iṣẹ́ bọ́ọ̀lù.

Nígbà tí líìgì bẹ̀rẹ̀ lóṣù náà, Bolt kò sí nínú ikọ̀ náà. Mariners fún un ní ìwé àdéhùn, àmọ́ àwọn oníròyìn sọ pé iye tí wọ́n kọ síbẹ̀ jìnnà réré sí iye tí àwọn aṣojú rẹ̀ ń retí, kò sì sí onígbọ̀wọ́ tó jáde láti fi owó dí àlàfo náà. Ní ọjọ́ 2 oṣù Kọkànlá ọdún 2018, ẹgbẹ́ náà kéde pé Bolt ti lọ. Ọ̀sẹ̀ 10 ó lé díẹ̀ ni gbogbo rẹ̀. Ní oṣù Kìíní ọdún 2019, ó sọ fún ayé pé òun ti kúrò nídìí eré ìdárayá, ó di oníṣòwò.

Kí ló dé tí eré ẹsẹ̀ kò tó?

Ẹni tó bá ti wo Bolt dáadáa mọ̀ pé kì í tètè gbéra. Ó ga tó mítà 1.95, ẹsẹ̀ gígùn kì í sì í fẹ́ kúrò lójú kan kíákíá. Ibi tí ó ti máa ń já àwọn yòókù sílẹ̀ ni lẹ́yìn 50 mítà, nígbà tí eré rẹ̀ bá ti dé góńgó. Ṣùgbọ́n ta ló ń rí 60 mítà gbalasa sá lórí pápá bọ́ọ̀lù? 10 mítà, 15 mítà, kí o dúró gbì, kí o yí, kí o tún gbéra: eré tí agbábọ́ọ̀lù ń sá nìyẹn, yóò sì máa ṣe é fún ìṣẹ́jú 90. Ẹni tó ń sá 100 mítà kò nílò ju ìṣẹ́jú àáyá 10 lọ, kó sì sinmi.

Èyí tó tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ ni pé lójú ọ̀nà eré sísá, kò sí ẹni tó lè bọ́ sí ojú ìlà rẹ. Lórí pápá bọ́ọ̀lù, èèyàn 21 mìíràn ń rìn, ìwọ sì gbọ́dọ̀ mọ ibi tí ẹnì kọ̀ọ̀kan fẹ́ yà sí kó tó yà. Ọgbọ́n yẹn kò sí nínú iṣan. Àwọn tó ní in ti ń kó o jọ láti ọmọ ọdún mẹ́fà tàbí méje, lórí iyanrìn, nínú ẹrẹ̀, lẹ́yìn ilé. Yorùbá ní bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Nídìí bọ́ọ̀lù, Bolt tó jẹ́ àgbà nídìí eré sísá ni ọmọdé. Aṣọ rẹ̀ pọ̀, ó ń dán. Àkísà ni kò ní.

Àwọn tó ti gba ọ̀nà yìí kọjá

Bolt kọ́ ni ẹni àkọ́kọ́. Ní Amẹ́ríkà, ọ̀pọ̀ olùsáré ló ti yà sídìí bọ́ọ̀lù tiwọn, èyí tí wọ́n máa ń fi ọwọ́ gbé sá. Ẹ jẹ́ ká mú mẹ́ta nínú àwọn eléré ìdárayá tó gba ọ̀nà yẹn, nítorí wọ́n lè là wá lóye.

Bob Hayes gba wúrà 100 mítà ní Òlíńpíìkì Tokyo lọ́dún 1964. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ó wọ ẹgbẹ́ Dallas Cowboys. Ó gba ife Super Bowl pẹ̀lú wọn ní oṣù Kìíní ọdún 1972, ó sì di ọ̀kan lára àwọn tí eré náà kò lè gbàgbé láé. Àwọn kan máa ń fi í ṣe àpẹẹrẹ pé eré ẹsẹ̀ tó. Wọ́n gbàgbé pé Hayes ti ń gbá bọ́ọ̀lù náà ní yunifásítì Florida A&M kó tó lọ sí Tokyo. Nígbà tó dé Dallas, iṣẹ́ tó ti mọ̀ ló padà sídìí rẹ̀.

Jim Hines gba wúrà 100 mítà ní Mẹ́síkò lọ́dún 1968, ó sá a ní ìṣẹ́jú àáyá 9.95. Ẹgbẹ́ Miami Dolphins mú un nítorí eré ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó ń sáré já gbogbo èèyàn sílẹ̀, àmọ́ bí wọ́n bá ju bọ́ọ̀lù sí i, ó máa ń bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Bọ́ọ̀lù 2 péré ló rí mú ní gbogbo àkókò tó lò nídìí iṣẹ́ náà. Wọ́n sọ ọ́ ní orúkọ yẹ̀yẹ́ lórí rẹ̀.

Ẹnì kẹta jẹ́ ọmọ ilẹ̀ wa. Christian Okoye, tí wọ́n bí ní Enugu lọ́dún 1961, kì í ṣe olùsáré. Abẹ́bẹ́ irin tí wọ́n ń jù lórí pápá ni iṣẹ́ tirẹ̀, ìyẹn ló sì gbé e dé yunifásítì Azusa Pacific ní California. Nígbà tí Nàìjíríà kò mú un lọ sí Òlíńpíìkì ọdún 1984, ó yà sídìí bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà, eré tí kò tilẹ̀ gbádùn nígbà tó kọ́kọ́ rí i. Ó ti tó ẹni ọdún 23. Lọ́dún 1987, Kansas City Chiefs mú un. Lọ́dún 1989, òun ló gbé bọ́ọ̀lù sá jìnnà jù lọ nínú gbogbo líìgì, ó sá yáàdì 1,480. Ẹ̀rù rẹ̀ ń ba àwọn tó ń ṣọ́lé débi pé wọ́n fún un ní orúkọ ìnagijẹ tó túmọ̀ sí àlá burúkú láti Nàìjíríà.

Hayes ti kọ́ṣẹ́ tẹ́lẹ̀. Hines kò kọ́ ọ. Okoye pẹ́ kó tó bẹ̀rẹ̀, síbẹ̀ ó débẹ̀. Kí ni Okoye rí tí Bolt kò rí? Lákọ̀ọ́kọ́, iṣẹ́ tí wọ́n gbé fún un sún mọ́ agbára tí ara rẹ̀ ti ní: gbé bọ́ọ̀lù mọ́ àyà, kí o sì la àárín wọn kọjá. Èkejì ló ṣe pàtàkì sí wa jù. Okoye rí ọdún mẹ́ta fi kọ́ṣẹ́ ní ilé ẹ̀kọ́ kékeré kan, níbi tí kámẹ́rà ayé kò ti dé. Ó láǹfààní láti ṣe é ṣì.

Òkìkí kì í jẹ́ kéèyàn ṣe ọmọṣẹ́

Ẹ wo ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ télọ̀ ní àdúgbò yín. Kó tó fi ọwọ́ kan aṣọ oníbàárà, yóò gbálẹ̀ ṣọ́ọ̀bù, yóò lọ aṣọ, yóò de bọ́tìnnì. Yóò ran àjákù aṣọ, yóò wọ́, ọ̀gá á ní kó tú u. Aṣọ tó bá bàjẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, òun àti ọ̀gá ni wọ́n mọ̀. Lọ́jọ́ tó bá gba fìrídọ́ọ̀mù, tí wọ́n ń jó, tí wọ́n ń ya fọ́tò, kò sí ẹni tó ń rántí àjákù aṣọ wọ̀nyẹn.

Aṣọ tí Bolt bàjẹ́, gbogbo ayé ló wò ó. Bọ́ọ̀lù tó ta kúrò lẹ́sẹ̀ rẹ̀ ní ìgbáradì ọ̀sẹ̀ kìíní ti wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì kó tó wẹ̀ tán. Òkìkí ló ṣí ilẹ̀kùn Sundowns, Dortmund, Strømsgodset àti Mariners fún un, ilẹ̀kùn tí ọ̀pọ̀ ọmọ tó mọ bọ́ọ̀lù gbá jù ú lọ kò lè kàn. Òkìkí yìí kan náà ni kò jẹ́ kó rí ibi kọ́kọ́rọ́ kan jókòó sí, kó fi ọdún mẹ́ta kọ́ṣẹ́ láìsí ariwo. Òun ló sì gbé owó rẹ̀ ga ju iye tí wọ́n lè san fún ọmọṣẹ́ lọ.

Ṣé Keogh wá jàre nígbà tó ní àbùkù ni? Àwa kò lè fẹnu kò lórí èyí. Àwọn kan nínú wa ní bẹ́ẹ̀ ni, nítorí àyè inú ẹgbẹ́ ní iye, ọmọ kan sì lè wà níta tó ń dúró de ọ̀kan. Àwọn yòókù ní Bolt kò gba àyè ẹnikẹ́ni: kò gbá líìgì rí, ó gba kí wọ́n dán òun wò, ó sì lọ nígbà tí kò bọ́ sí i. Ohun tí gbogbo wa gbà ni pé kò sí ìtìjú nínú kí ẹni tó ti dé góńgó nídìí iṣẹ́ kan bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ nídìí òmíràn. Ọ̀pọ̀ àgbà kò lè ṣe é.

Ìgbẹ̀yìn Mariners náà yẹ ní sísọ. Ìyà ṣì jẹ wọ́n lẹ́yìn tí Bolt lọ. Ní oṣù Kẹta ọdún 2019, Wellington Phoenix nà wọ́n ní 8 sí 2, Mulvey pàdánù iṣẹ́ rẹ̀, wọ́n sì tún gbé ipò ìkẹyìn. Ṣùgbọ́n àwọn ọ̀dọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè níbẹ̀. Alou Kuol àti àbúrò rẹ̀ Garang, àwọn ọmọ ìdílé kan tó wá láti Gúúsù Sudan, rí àyè lórí pápá olópẹ yẹn. Garang gbá Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé ọdún 2022 fún Ọsirélíà lọ́mọ ọdún 18, Newcastle United sì rà á. Lọ́dún 2023, Mariners gba ife líìgì, wọ́n na Melbourne City ní 6 sí 1. Kámẹ́rà ayé kò wá sí Gosford nígbà tí àwọn ọmọ wọ̀nyí ń kọ́ṣẹ́.

Ọ̀rọ̀ yìí kan àwa tí à ń kọ ọ́. Kì í ṣe gbogbo wa ló kọ Yorùbá sínú fọ́ọ̀mù nígbà tí a ń wá àyè sí yunifásítì. Òfin ni àwọn kan fẹ́, ìròyìn ni àwọn mìíràn fẹ́. Ọ̀pọ̀ wa ló dé ọdún kìíní láìmọ àmì ohùn fi sórí ọ̀rọ̀, tí ìwé iṣẹ́ wa sì ń padà wá pẹ̀lú yíǹkì pupa láti òkè délẹ̀. Nígbà náà, ojú ń tì wá. Ní báyìí, a mọ̀ pé àǹfààní ńlá ni pé olùkọ́ wa nìkan ló rí ìwé wọ̀nyẹn.

Nítorí náà, lọ́jọ́ tí ẹnì kan bá tún pariwo "Bolt!" ní yàrá bọ́ọ̀lù wa, tí wọ́n sì bèèrè ohun tí ì bá ṣẹlẹ̀ ká ní ó gbá bọ́ọ̀lù, a ó sọ fún un pé ó gbá a. Ayò méjì ló jẹ ní Campbelltown. Ká ní ó bẹ̀rẹ̀ ní ọmọ ọdún méje ńkọ́? Ìyẹn la ṣì máa jiyàn lé lórí.